Ọ̀rá Tí Ẹ Ń Bọ́ Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀. Ní tèmi, orúnkún ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dóko. Télọ̀ àdúgbò wa ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi ṣúgà sí i.

Ìwọ náà rántí ọdún tí ọ̀rá dí gọ́tà, tí omi wọlé bá wa lórí ẹní. Lẹ́yìn rẹ̀ lo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ, tí o ní, "Láti òní lọ, tòmátò o, ata o, kùkúńbà o, mi ò ní fi ọ̀rá dì í fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ gbé agbọ̀n yín wá." Orí mi wú. Èmi ni mo ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé, tí mo ń bẹ àwọn èèyàn. Wọ́n sọ mí ní Bàbá Alágbọ̀n, wọ́n ní ṣé agbọ̀n ni mo ń tà lọ́jọ́ ogbó ni. O mọ̀ pé bí mo bá ti ranrí mọ́ nǹkan, ó parí. Nígbà tó yá, gbogbo àdúgbò ń gbé agbọ̀n, títí kan ìyá agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí àwọn ọmọ wa, tó ń fi ọ̀pá rìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé tòmátò oko mi wá fún ọ bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ń fọ ilẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù, ni mo bá gba ẹ̀yìn. Mo rí ìyàwó rẹ lórí àpótí, tó ń fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá lára kùkúńbà bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tòmátò wà nínú abọ́ ike pẹlẹbẹ, ọ̀rá bò ó lójú pinpin. Èyí tí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ ga dé orúnkún mi. Bí wọ́n bá bọ́ ọ tán, wọ́n á dà á sínú agbọ̀n, wọ́n á wọ́n omi sí i, kó lè dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé. Ìyàwó rẹ kúnlẹ̀ kí mi, kò sì mọ ibi tó máa fi ọ̀bẹ sí.

O jáde wá, o ń rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ti oko yín ò tó tà mọ́, ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ra ìyókù kì í tà á láì dì í. Àwọn oníbàárà ní àwọn ò fẹ́ rí ọ̀rá. Ṣé wọ́n rí i?" Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ohun tí mo gbọ́ nígbà tí o padà síwájú ṣọ́ọ̀bù, bí o ṣe ń sọ fún oníbàárà pé, "Oko ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo ẹ̀ ti wá." Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà lóòótọ́.

Ká ní o wá bá mi, tí o ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò tó mọ́," à bá jọ sọ fún àwọn oníbàárà. Bàbá wa máa ń na igbá òfìfo sí oníbàárà, á ní, "Ó tán." Ojú ò tì í rí.

Mo ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún gbogbo àdúgbò fúnra mi. Ìyá agbẹ̀bí ò bínú. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ ní tòótọ́?" Mo dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Ibi tí o gbé mi dé nìyẹn.

Bí o bá fẹ́ máa ta ti ilé-iṣẹ́, gbé e síwájú pẹ̀lú ọ̀rá lára ẹ̀, kí olówó mọ ohun tó ń rà. Títí di ọjọ́ náà, má fẹnu rẹ dárúkọ oko mi.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí. Kó má jẹ́ kí ọmọ tí o bí ṣe ọ́ bí o ṣe ṣe mí.

Èmi ni,
ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ.

Mo tún rántí: má retí tòmátò mi. Mo ti kó o sẹ́nu ọ̀nà ilé mi, mo ń tà á níbẹ̀. Láàárọ̀ yìí, àwọn díẹ̀ gbé agbọ̀n wá. Ìyá agbẹ̀bí ò tíì dé.