Wọ́n Ní Kí Ìmísí Pe Ẹ̀kọ́ Darwin Ní Irọ́ Kó Tó Wọ Kíláàsì

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Ìláré,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ilé-ẹ̀kọ́ Girama Ọ̀yẹ̀là,
Òkè-Ogbó,
Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÌMÍSÍ ADÉSỌJÍ TÍ WỌ́N LÉ NÍ KÍLÁÀSÌ NÍTORÍ ÀRÍYÀNJIYÀN

Orúkọ mi ni Hàlímàt Oyèlárán. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ Bàọ́lọ́jì ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, n kò sì kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ yìí rí, àní nígbà tí òrùlé yàrá sáyẹ́ǹsì ń jò fún odidi ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òrùlé kọ́ nìyí, ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ọ̀gá-àgbà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì, ti lé Ìmísí Adésọjí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Wọ́n ní kò ní padà wọlé, orúkọ rẹ̀ kò sì ní sí lára àwọn tó máa ṣe ìdánwò, àfi tó bá dúró ní àpéjọ òwúrọ̀ níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí òun sọ nípa ẹ̀kọ́ Darwin. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ ń fi orúkọ ránṣẹ́. Wọ́n ní kí èmi olùkọ́ rẹ̀ lọ rọ̀ ọ́ kó sọ ọ́. Mo kọ̀ jálẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí mo fi kọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kínní, a ṣe àríyànjiyàn tí a máa ń ṣe ní sáà kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo mú àkòrí wá, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì fúnra wọn ni wọ́n sì buwọ́ lù ú: pé ẹ̀kọ́ Darwin, nípa bí àwọn ẹ̀dá alààyè ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di òní. Ẹ̀kọ́ yìí wà nínú ìwé ìlànà tí ìjọba fún wa. N kò lọ jí i gbé níbì kan. Bí a ti máa ń ṣe é, mo kọ "gbè é" sórí bébà kan, mo kọ "takò ó" sórí èkejì, mo ká wọn, mo jù wọ́n sínú fìlà, mo ní kí àwọn ọmọ méjèèjì tó fẹ́ jiyàn kọwọ́ bọ̀ ọ́. Adéolúwa, ọmọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù ní kíláàsì wọn, mú "takò ó." Ìmísí mú "gbè é," ló bá bú sẹ́kún. Ọmọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn pààrọ̀. Èmi ni mo ní rárá, pé ìhà tí ọwọ́ ẹni bá mú ni à ń gbè. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ náà gbìyànjú ju bí mo ti rò lọ. Adéolúwa kò sọ̀rọ̀ òpè rárá. Ó ní Darwin fúnra rẹ̀ kò mọ bí àbùdá òbí ṣe ń dé ara ọmọ. Ó ní àlàfo pọ̀ láàrin àwọn egungun àtijọ́ tí wọ́n ń wú nínú ilẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá ṣì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀: àwọn kan ní díẹ̀díẹ̀ ni ìyípadà ń wáyé, àwọn mìíràn ní ó lè pa rọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀ wéré. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìmísí dá a lóhùn pé àwọn tó ń jiyàn nípa ọ̀nà tí àlejò gbà wọ̀lú kò sọ pé àlejò kò dé. Ó bi wá pé kí ló dé tí kolorokúìnì tí àwọn òbí wa ń lò, tó máa ń yún wọn lára, kò fi ká ibà mọ́? Ó ní àwọn kòkòrò ibà tí oògùn náà kò rí pa ló kù tí wọ́n ń bí sí i, ìran tiwọn ló sì gba ìlú.

Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀jẹ̀ wa. Ó ní bí SS bá ń pa ọmọ láti ayébáyé, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ AS kò fi tán láàrin wa? Ó ní nítorí pé ibà kì í tètè rí ọmọ tó jẹ́ AS pa ní kékeré ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń dàgbà, á bímọ, á sì fi ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọmọ. Ohun tó ń gba àwọn kan là ní ilẹ̀ oníbà ló ń pa àwọn tó bá gba méjì rẹ̀. Àwọn olùkọ́ mẹ́ta tó jẹ́ adájọ́ fún Ìmísí ní máàkì mọ́kànléláàádọ́rin, wọ́n fún Adéolúwa ní méjìdínláàádọ́rin, àwọn ọmọ méjèèjì sì bọ ara wọn lọ́wọ́.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ó ti dé etí Alàgbà Oyèkúnlé, alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, pé ilé-ẹ̀kọ́ wa ti dájọ́ pé ọ̀bọ ló bí wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ojúmọ́ ti mọ́ wá! Háà! Máàkì tí a fún ọmọ nítorí pé ó sọ̀rọ̀ tó yéni ni wọ́n sọ di ìgbàgbọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Bí Adéolúwa bá gba máàkì mẹ́rin sí i ni, ṣé wọn ìbá ní sáyẹ́ǹsì ti wó lulẹ̀ ní Ifẹ̀? Ọmọ náà kò tilẹ̀ dárúkọ ọ̀bọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá sì jẹ́ ti ọ̀bọ ni, èmi bí ìbejì. Ojoojúmọ́ ni ìyá ọkọ mi ń kì wọ́n ní ẹdun, bẹ́ẹ̀ ẹdun kì í ṣe ẹyẹ. Kò sí ẹni tó tíì pe ìyá àgbà wá wíjọ́.

Alàgbà Oyèkúnlé yìí kan náà ni alága ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọn kì í so tọkọtaya kankan pọ̀ láìkọ́kọ́ gba ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣàlàyé ibi tí AS inú ìwé náà ti wá ni wọ́n ní kó wá tọrọ àforíjì. Àwọn mìíràn ní Mùsùlùmí ni mí, pé mo fẹ́ ba ọkàn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì jẹ́. Ẹ gbà mí o! Ìrun márùn-ún ni mò ń kí lójúmọ́, mo sì ń kọ́ Bàọ́lọ́jì. Ọlọ́run tí mò ń sìn kò tíì fẹjọ́ ìwé ìlànà ìjọba sùn mí.

Ní òwúrọ̀ Ajé, ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá-àgbà pe ọmọ náà jáde ní àpéjọ, àbí kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: wọ́n mú un kúnlẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ kalẹ̀ pé kó kà á sókè. Ó kọ́kọ́ kà á sínú. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo lè sọ pé ìhà tí mo mú nínú fìlà ni mo gbè. N kò lè sọ pé irọ́ ni." Wọ́n ní àfojúdi ni. Wọ́n ní kó gbé báàgì rẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín, èmi náà rò pé orí kunkun ni. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Ẹdúnàbọ̀n, níbi tí ìyá rẹ̀, Arábìnrin Comfort Adésọjí, ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì tó lọ sí Ìbàdàn. Mo fẹ́ bẹ Ìmísí pé kó ka ìwé náà kí ọ̀rọ̀ tán, nítorí ìdánwò. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ èyí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí n kò mọ̀. Ìmísí ní àbúrò kan, Dúrósinmí, tó jẹ́ SS. Oṣù Keje ọdún tó kọjá ló kú, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ti sọ ọ́ fún wọn ní ọsibítù pé SS ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí àwọn ẹbí ọkọ lẹ́nu. Wọ́n ní ìyá ló fi ọmọ ṣètùtù kí ọjà rẹ̀ lè tà. Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ ni Ọlọ́run ń bi í. Obìnrin náà gbààwẹ̀ títí ó fi dákú sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, kí wọ́n lè fi í sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àríyànjiyàn, Ìmísí jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ya àpótí mẹ́rin sára páálí pẹ̀lú èédú. Ó fi hàn án pé bàbá gbé S kan wá, ìyá gbé S kan wá, pé ẹ̀jẹ̀ tó gba àwọn ìyá ìyá wọn lọ́wọ́ ibà náà ni, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀san. Ìyá bi í pé, "Ṣé èmi kọ́ ni mo pa á?" Ìmísí ní, "Ẹ̀yin kọ́, Màámi." Ìyá náà fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà ni òun ti ń rí oúnjẹ gbé mì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ dá Ìmísí padà sí kíláàsì lọ́sẹ̀ yìí, kí orúkọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fa ìwé náà ya. Ẹni tó bá fẹ́ bá Darwin jà, àyè wà: kó wá sí àríyànjiyàn wa sáà tó ń bọ̀, kó mú ẹ̀rí dání bí Adéolúwa ti ṣe. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ jìyà, èmi ni mo di fìlà mú. Ẹ dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. N kò ní sá.

Ṣùgbọ́n ìwé tí Ọ̀gá-àgbà fi ránṣẹ́ sí ilé Ìmísí lọ́sẹ̀ tó kọjá ní kí ìyá náà wá sí àpéjọ, kó dúró ti ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá ń ka ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kò lè ní kí Ìmísí wojú ìyá rẹ̀ níwájú irínwó ènìyàn, kó sọ fún un pé òun purọ́, pé ìyá ló pa Dúrósinmí lóòótọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín, tí kò ní rọ ọmọ náà,

Hàlímàt Oyèlárán (Ìyáàfin),
Olùkọ́ Àgbà, Ẹ̀ka Bàọ́lọ́jì.