Kòtò tí Kahindo Ń Gbé

Ọjọ́ Ajé, 10 Òkúdù
Ewúrẹ́ méjì kú ní kòtò tí Kahindo àbúrò mi ń gbé. Kò sí ọgbẹ́, kò sí àìsàn. Mazuku ni — afẹ́fẹ́ búburú tí òkè oníná wa ń tú jáde lábẹ́ ilẹ̀. Kò lóòórùn. Ó wúwo, ibi tó bá rẹlẹ̀ ló máa ń gbá jọ sí; iná kì í jó nínú rẹ̀. Iná òkè kan náà ló jó ilé wọn ní Goma, tí wọ́n fi wá gba ilẹ̀ etí adágún tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́.

Wọ́n jẹ àwọn ewúrẹ́ náà. Musubao ọkọ rẹ̀ — Gómìnà ni mo ń pè é níhìn-ín — ní ẹran náà dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo lọ. Onílẹ̀ wọn ti ṣáájú mi débẹ̀. Ọ̀sán gangan, atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí omi. Ó ṣáná sí ìtùfù, ó nà án dé ìsàlẹ̀ kòtò. Iná ò kú. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó ní, "Tíṣà, àbí iná yìí ò kàwé tó ni?"

Mo ní kó padà wá dán an wò ní ìdájí, nígbà tí atẹ́gùn bá dákẹ́ tí ilẹ̀ sì tutù. Ó ní ìdájí, orí ìyàwó òun lòun máa ń wà. Gómìnà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Kahindo náà rẹ́rìn-ín — ó kọ́kọ́ wojú ọkọ.

Ọjọ́rú, 12
Òjò. N kò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13
Wọn ò ní kó kúrò. Ó dáa. Kí wọ́n má ṣáà sùn sílẹ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ onígi gbé ibùsùn mi ránṣẹ́, mo ní kí wọ́n fi òkúta gbé e ga dé ìbàdí. Ti Kahindo ni, àti ti Kavira ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Gómìnà ló ń sùn lórí ibùsùn. Ìyá àti ọmọ wà lórí ẹní.

Mo bi í. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, pé ẹ̀yìn kì í dun ọmọdé. Kahindo fà mí sẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a jà. Ẹ̀yin á lọ, èmi ló máa kù sí i lọ́wọ́."

Mo ní kí Kavira bá mi lọ. Ọmọ ti wọ bàtà. Gómìnà bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Àgàn ló ń kó ọmọ olọ́mọ kiri."

Mo lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Atẹ́gùn ò fẹ́ rárá.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Wọ́n gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde ní kòtò láàárọ̀ yìí. Ará àdúgbò kan ló pè mí. Mo pe ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní ẹnì kan ṣì ń mí.

Ṣé ọmọdé ni?

"Rárá, Màmá. Àgbàlagbà ni."

Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ó ní òun kọ́ ló gbà wọ́n wọlé, òun ń lọ wò ó, kí n má pa fóònù.

N kò tíì pa á.