Àìsàn Tí Bọ̀ọ̀dá Mi Ní Kò Sí Nílé Wa

Ọjọ́bọ̀, Dọ̀pẹ̀mú, 1988

Inú ń bí mi. Dókítà ní ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ mi. Ó bi mí bóyá mò ń mutí, èmi tí n kò fẹnu kan bíà rí! Ó ní ó lè jẹ́ àjogúnbá, ṣé àtọ̀gbẹ wà nídìílé wa? Kí n tó lanu, Bọ̀ọ̀dá mi tó sìn mí lọ ti dáhùn: "Rárá o! Kò sírú ẹ̀ nílé tiwa."

Àwọn àna tó fẹ́ fẹ́ ọmọ Bọ̀ọ̀dá mi ṣì ń wádìí ìdílé wa. Ẹ̀dọ̀ tèmi wá ńkọ́?

A délé, Bọ̀ọ̀dá mi mu ògì láìsí ṣúgà. Wọ́n ní SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba yìí, ti sọ ṣúgà di wúrà.

Bàbá wa náà kì í fi ṣúgà mu ògì títí wọ́n fi kú. SAP ò tíì dé nígbà náà.