Wọ́n Ní Kí N Tọrọ Àforíjì Torí Ojú Ewé Yorùbá Tí Mo Tún Ṣe

Admin, ẹ bá mi bo orúkọ mi, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tallaght wà lórí page yìí. Mi ò wá sunkún o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ṣùgbọ́n kí n tètè sọ ọ́ pé mi ò kábàámọ̀ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn... ohun tí mo ti ṣe ṣáájú ẹ̀ ló ń dùn mí.

Web developer ni mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ẹrù ní Dublin Port kí n tó kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi iṣẹ́ yìí ṣeré. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Finglas ló gbà mí. Lọ́dún tó kọjá, clinic kan ní ká ṣe website fáwọn ní èdè mẹ́jọ, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Inú mi dùn, ẹ ò lè mọ̀. Àfi bí manager wa ṣe da gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè, tó wá fi ti Yorùbá ránṣẹ́ sí mi pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò, bó bá dáa kí n tẹ approve. Ẹ gbọ́ òótọ́... mi ò kà á. Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀, mo rí àmì ohùn lórí ẹ̀, mo tẹ approve. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí gan-an ni pé kíka Yorùbá máa ń ni mí lára, mi ò sì fẹ́ kí àwọn òyìnbó yẹn mọ̀, èmi Yorùbá kan ṣoṣo tó wà ní ọ́fíìsì.

Ìyá ìyàwó mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Tíṣà ni wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kí wọ́n tó wá bá wa tọ́jú àwọn ọmọ. Òùngbẹ wá ń gbẹ wọ́n ṣáá, dókítà bá ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, clinic yẹn náà ló sì júwe. Màmá ṣí website náà lórí fóònù, wọ́n rí "Yorùbá", wọ́n pe gbogbo wa wá wò ó, wọ́n ń sọ fún ìyàwó mi pé ọkọ rẹ̀ ló ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ní kéèyàn fast kó tó wá, ìyẹn ni pé kó má fi nǹkan kan ẹnu. Ẹ̀rọ yẹn kọ ọ́ pé "o gbọ́dọ̀ yára kí o tó wá". Ẹ rí nǹkan? Màmá jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín yó dáadáa, wọ́n wá yára nítòótọ́, wọ́n kánjú jáde nínú òjò, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú níbi tí wọ́n ti fẹ́ wọ tram. Nurse bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, ó tún di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Wọ́n dé, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ẹni tó kọ eléyìí ò gbọ́ Yorùbá, kò sì lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Èmi ló ń pè ní 'o'?" Mo ní ẹ̀rọ ni, Màmá. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ kọ́. Ẹnì kan ló yẹ kó kà á."

Mi ò lè wojú wọn. Lọ́jọ́ kejì mo tẹ gbogbo ojú ewé Yorùbá yẹn sórí bébà, mo kó o fún wọn pẹ̀lú bírò pupa, ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó tì í ní kitchen. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ o... mo ti gé gbólóhùn sí wẹ́wẹ́ nínú code, "ẹ ní" lọ́tọ̀, iye lọ́tọ̀, "lẹ́tà" lọ́tọ̀, kó máa lẹ̀ wọ́n pọ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Màmá ní lẹ́tà méjì là ń wí, ta ló ń wí méjì lẹ́tà? Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn dúró lódidi. Button tí wọ́n wọ̀n mọ́ "Book" ò lè gba "Ẹ yan ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá", ẹ fàyè sílẹ̀. Font tó rẹwà tí designer wa yàn, tó bá ti kan "ẹ" tó ní àmì ohùn lórí, àpótí kékeré ló ń gbé jáde. Ká sì tó gbé e síta, ẹ gbé e fún àgbà tó máa lò ó, kẹ́ ẹ panu mọ́, kẹ́ ẹ máa wo ojú ẹ̀. Ọmọbìnrin mi ń kọjá lọ, ó ní "That's grand, Grandma," pé ó ti dáa. Màmá ní kò tíì grand.

Mo kọ̀wé sí manager, mo ṣàlàyé pé ìyá àgbàlagbà kan ti jẹun lọ síbẹ̀ torí ohun tá a kọ. Ó ní òun á fi sórí list, tó bá di apá kejì iṣẹ́ náà. Apá kejì wo? Ẹlòmíì ò ní jẹun lọ síbẹ̀ lọ́la ni? Lọ́sàn-án Jímọ̀, mo yọ ti àtijọ́ kúrò, mo gbé tiwa síbẹ̀. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mọ́ńdè ni wọ́n pè mí.

Màmá ti padà lọ sí clinic, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ìtọ̀ ṣúgà ni, wọ́n ti ń lo oògùn, ara wọn ń yá. Ojú ewé tá a jọ tún ṣe ṣì wà níbẹ̀, wọn ò yọ ọ́ o, wọ́n ń lò ó. Èmi ni ilé iṣẹ́ wá fún níwèé pé kí n fọwọ́ sí i pé mo fọwọ́ kan website oníbàárà láìgbàṣẹ, pé mo tọrọ àforíjì, pé irú ẹ̀ ò ní wáyé mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n máa palẹ̀ mọ́. Mo ní màá tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n torí approve tí mo tẹ̀ láìkà ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò fẹ́ ìyẹn? Wọ́n ní tá a bá kọ ọ́ sílẹ̀, clinic á mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò kà á. Kí n wá bẹ̀bẹ̀ fún èyí tí mo ṣe dáadáa, kí n sì gbé èyí tí mo bà jẹ́ mì?

Ìyàwó mi ní kí n fọwọ́ sí i jàre, pé agídí kì í bọ́ ọmọ. Òun náà ò mọ̀ pé èmi ni mo tẹ approve. Màmá ò mọ̀. Wọ́n ṣì ń fi mí yangàn fáwọn ìyá ìjọ. Tí mo bá sì bá àwọn ará ọ́fíìsì fà á, gbogbo ẹ̀ ló máa jáde.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, mo ti gbàdúrà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gba ìwé yẹn, ọwọ́ mi ò sì lọ síbẹ̀, mo mọ iṣẹ́ Port, mo lè padà síbẹ̀. Ṣé agídí lèyí? Ẹ̀yin, ṣé ẹ máa fọwọ́ sí i? Màmá ńkọ́... ṣé kí n jókòó sọ fún wọn kó tó di Ọjọ́bọ̀, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì?