Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta tí Ọkùnrin Kan fi Díyelé Fíìmù Bàbá Wa

                                        Ilé Bàbá Onífótò,
                                        Ìwárò, Òkà-Àkókò,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹta, 2024.

Hephzibah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ẹ wà dáadáa ní Ìbàdàn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Máyọ̀wá ńkọ́, ṣé ó ti parí ìdánwò tó ń lé oorun lójú rẹ̀? Eékún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn ilé yín? Àwa níbí wà láàyè, a dúpẹ́. Màmá ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gun òkè náà tán.

Ìwé ni mo kọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Ilésanmí àbúrò mi ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà ọdún tuntun, ògiri ilé wa kò sì nípọn.

O rántí àwọn àpótí fíìmù Bàbá. Fún ogójì ọdún tí Bàbá fi ya fótò ní Ìkàrẹ́, kò da fíìmù tó fi fọ fótò ẹnikẹ́ni nù. Ìyàwó tuntun, ọmọ tí wọ́n ń ṣe ìsàmì fún, tíṣà tó fẹ̀yìn tì, òkú nínú pósí, gbogbo wọn ló wà nínú àpótí mọ́kànlá tí a kó wá sí Òkà nígbà tí Bàbá kú tí a sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò béèrè wọn.

Nínú oṣù kìíní ni Ilésanmí mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akíndèjì wá. Ó ní Ìkàrẹ́ làwọn ti pàdé, pé ohun àtijọ́ ló ń rà tó ń tà. Ọkùnrin náà ṣí àpótí kan, ó gbé fíìmù kan sókè sí ojú fèrèsé, ó wò ó títí, ó tún mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́, ó ní pàǹtí ni, pé òun lè bá wa kó o kúrò kí eku má baà fi ṣelé, òun á sì fún Màmá ní owó ọṣẹ. Ibẹ̀ ni ara ti kọ́kọ́ fu mí. Ta ló ń fi bíi wákàtí kan wo pàǹtí?

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe pàǹtí mọ́, ohun àtijọ́ ni, pé àwọn kan máa ń fi irú rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri. Mo bi í pé kí ló gbé iye rẹ̀ kà. Ó ní irú nǹkan báyìí kò ní iye pàtó, pé ojú lásán ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Owó tó wá pè tó tún ìdajì òrùlé wa tó ń jò ṣe. Màmá fẹ́ gbà. Ilésanmí náà ní ká gbà, ó sì sọ ọ́ kíákíá jù. Mo wò ó, kò wò mí.

Ìṣirò ni mo fi ogún ọdún ó lé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí kò níye lórí kì í ṣàdédé gbówó lórí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí ó fún wa láyè. Bó ṣe ń lọ, mo wà lẹ́yìn ilé tí mò ń sá aṣọ, òun sì dúró ti mọ́tò rẹ̀, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ: “Ohun iyebíye ni. Wọn ò mọ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fọkàn tán Ilésanmí mọ́. Tí fóònù rẹ̀ bá dún, á jáde lọ gbé e. Ó béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá àpótí lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ọkàn mi sọ fún mi pé òun àti ọkùnrin náà ti pín owó yẹn tán. Mo lọ ra àgádágodo tuntun ní Ìkàrẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò ńlá rọ̀ lóru Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí Akíndèjì dé lọ́jọ́ Sátidé, mo pa irọ́ kan. Mo sọ fún un níwájú Ilésanmí pé òjò wọ yàrá náà, ó ba gbogbo fíìmù jẹ́, mo sì ti dáná sun wọ́n.

Ọkùnrin náà jókòó sórí pèpéle. Ó ní: “Tí ẹ bá ta ilé yìí tòun ti ilẹ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò lè ra ohun tí ẹ sun yẹn.”

Iye rẹ̀ gan-an ló ti ẹnu rẹ̀ bọ́ yẹn. Mo yíjú sí Ilésanmí, mò ń retí kí inú bí i nítorí ìpín tirẹ̀. Ó fara ti ògiri. Ó ní:

“Ẹ̀gbọ́n, Fisáyọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ sun òun náà?”

Hephzibah, ìwọ lo bá mi sunkún àbúrò wa yẹn nígbà tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. O mọ̀ pé Bàbá kó gbogbo fótò rẹ̀ kúrò nílé, kò sì fọ òmíràn mọ́ láti inú fíìmù rẹ̀. Ní gbogbo oṣù méjì tí mo fi ń ṣọ́ àpótí, mi ò rántí rẹ̀ rárá.

Nígbà tí Akíndèjì lọ tán, tí kò tilẹ̀ kí wa pé ó dàbọ̀, mo jẹ́wọ́ irọ́ mi. Ilésanmí kò bá mi wí. Ó ní tìtorí Fisáyọ̀ lòun ṣe ń béèrè kọ́kọ́rọ́, kí òun lè yọ tirẹ̀ kí àpótí tó lọ, pé òun kò fẹ́ dárúkọ ọmọ náà létí Màmá. Mo bi í nípa àwọn ìpè tó ń jáde lọ gbé. Ó ní gbèsè kan ni, pé ojú ń ti òun. Mo gbà á gbọ́, tàbí kí n sọ pé mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Ọjọ́ méjì la fi wá fíìmù náà. Inú àpótí keje ló wà, nínú bébà tí Bàbá kọ orúkọ rẹ̀ sí. O mọ bí fíìmù ṣe máa ń rí: ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, irun rẹ̀ funfun, bí ẹni pé ó dàgbà, ó sì darúgbó lọ́dọ̀ wa.

Jọ̀wọ́, bá mi wá ẹni tó mọ̀ nípa ìwé àti àwòrán àtijọ́ níbẹ̀, ẹni tó máa sọ iye òótọ́ fún wa láìpọ́n ọn, láìbù ú kù. Má dárúkọ wa títí o fi máa mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Ní àná la mú fíìmù náà lọ fún Màmá. Ẹ̀rù ń bà wá. Ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ó wá bi wá pé èló ni ọkùnrin yẹn fẹ́ san. A sọ fún un. Ó wo èmi, ó wo Ilésanmí, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ibi tó fi í pamọ́ sí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti Máyọ̀wá. Màmá ní kí n kí ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ìbíyínká