Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Yẹ Kí N Jí Dìde

Ọmọ ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, àti pé ikọ́ tí àbígbẹ̀yìn rẹ ń wú níjọ́sí ti lọ. Ara tèmi náà le, àfi ọwọ́ ọ̀tún mi tó wà nínú báńdéèjì. Òun ló jẹ́ kí ìkọ̀wé mi wọ́ báyìí. Aránṣọ àdúgbò yín ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán. Jọ̀wọ́, wọ yàrá, kí o dá a kà. Mo ti pe fóònù rẹ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ yìí, ọkọ rẹ ló ń gbé e, tí á ní o ń sùn. Ìwọ tí o kì í sùn lọ́sàn-án láti kékeré.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ọkọ rẹ ni. O mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú. Ó ra àlòkù kan lọ́dọ̀ bàbá tó ń tú ọkọ̀ tà lẹ́yìn ibùdókọ̀, ó gbé e wá kí n bá òun gbé e sínú bọ́ọ̀sì náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ẹ́ńjìnnì náà mọ́ ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ bí ẹni wẹ òkú. Mo rí i, n kò sì béèrè.

Nígbà tí a fi kọ́kọ́rọ́ sí i, sítátà yí i dáadáa, ṣùgbọ́n kò jí. Bátìrì kún. Mo wo ẹnu sàléńsà, èéfín kankan kò jáde, mo wá mọ̀ pé epo kò dé ibi tó ń lọ. Mo tú páìpù tó lọ sí nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, mo ní kí ọkọ rẹ tún un yí: gbígbẹ. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ló há sínú páìpù, bó ti máa ń rí bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo dísù. Mo fọwọ́ fa epo títí afẹ́fẹ́ fi tán nínú rẹ̀. Epo dé pọ́ǹpù ńlá, kò kọjá ibẹ̀. Ọkọ rẹ ń rìn yí mi ká, ó ń ṣàwàdà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ń ṣe bí ìyàwó tó ń bá èèyàn yodì." Mo rẹ́rìn-ín.

Wáyà kan wà lórí pọ́ǹpù náà tó ń ṣílẹ̀kùn fún epo. Bí iná kò bá dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Iná kò dé ibẹ̀. Mo tọ wáyà náà lọ títí mo fi kan téèpù dúdú kan, mo tú u. Wọ́n ti gé e. Kò já o; ẹ̀sọ̀ ni wọ́n fi gé e, wọ́n di ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n tún wá bò wọ́n pọ̀. Ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́ kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n dúró. Ṣùgbọ́n o mọ ẹ̀gbọ́n rẹ: ẹni tí wọ́n ń pè ní Dókítà Dísù kò ní gbà kí aláìsàn kú sí òun lọ́wọ́. Mo so ó.

Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ rẹ pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀, láìsí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbi tí à ń tẹ̀ sáré. Ọkọ rẹ yí kọ́kọ́rọ́, kò pa. Mo já wáyà tí mo so, kò pa. Èéfín aláwọ̀ aró bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àwọn sípánà ń gbọ̀n bọ́ sílẹ̀ lára ògiri. Ọ́ìlì tó yẹ kó fi máa yọ̀ ló wá ń mu dípò dísù, ó ń jẹ ara rẹ̀. Mo fi pátákó dí ibi tó ti ń mí. Ó fa pátákó náà mọ́ra, ó fa ọwọ́ mi mọ́ ọn, kó tó rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá bàbá tó tà á. Ó kọ́kọ́ ní òun kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó rí ọwọ́ mi, ó jókòó. Ó ní opó kan ló tà á fún òun. Opó náà àti ọkọ rẹ̀ tó kú jọ ń tún ọkọ̀ ṣe ni. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ẹ́ńjìnnì náà ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ibẹ̀ ló kú sí. Opó yẹn ló gé wáyà náà, ó sì bẹ bàbá náà pé kó fọ́ ẹ́ńjìnnì náà sí wẹ́wẹ́, kó má bàa wọ inú ọkọ̀ ẹlòmíì. "Irin ni irin," ni bàbá náà wí, kò sì wo ojú mi.

Mo sọ fún ọkọ rẹ pé n óò yọ ọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn ń wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe tiyín." Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo lọ pààrọ̀ báńdéèjì, kí n tó dé, bọ́ọ̀sì náà ti lọ. Mẹkáníìkì kan tí n kò mọ̀ ló bá a so wáyà náà padà. Mo gbọ́ pé ó ti ń fi kó èrò, àti pé lọ́jọ́ Sátidé ni yóò fi kó ìwọ àti àwọn ọmọ lọ kí ìyá rẹ̀ lórí òkè.

Àbúrò mi, má wọ̀ ọ́. Bí ọkọ rẹ bá ní kò tíì ṣe nǹkan kan láti ọjọ́ náà, ó lè jẹ́ òótọ́. Ejò kì í fi ojoojúmọ́ buni jẹ. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí. Opó yẹn ti pa ẹ́ńjìnnì náà, èmi ni mo jí i dìde.

Kí ilé tí o wà máa gbà ọ́. Kí àwọn ọmọ tí o bí gbó, kí wọ́n tọ́ lójú rẹ. Kí Ọlọ́run má fi ẹkún pàdé wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tó pọ̀n ọ́ kọjá odò nígbà tí o kò tíì mọ ìrìn.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó tún un ṣí. Ọkọ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni. Ó ní kí n má bínú, ẹ́ńjìnnì náà ń kùn jẹ́jẹ́ bí oyin, kí n gbọ́ ọ fúnra mi. Ó gbé fóònù sún mọ́ ọn. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tí ọkọ rẹ sì ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ó ní ẹ kò dúró de Sátidé mọ́, ọ̀la lẹ ń lọ. N kò ní fi rán ẹnikẹ́ni mọ́, èmi ni mo ń gbé e bọ̀. Bí o bá rí lẹ́tà yìí lábẹ́ ilẹ̀kùn tí o kò rí mi, mo ti lọ dúró síwájú bọ́ọ̀sì náà.