Gọ́ọ̀tì Ni Ọmọ Mi, Kì í Ṣe Opó

Adúmáadán ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá, mo sì kí ọ kú ojú lọ́nà, nítorí mo mọ̀ pé o ti ń retí èsì mi. Mo gbàdúrà kí ara rẹ le, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ má fi ojú burúkú wò ọ́, kí abẹ́rẹ́ ayé má gún ọ lọ́wọ́. Àlàáfíà ni àwa náà wà, àfi eékún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ tí mo bá ń tẹ ẹsẹ̀ máṣíìnì. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má sọ fún ọ pé òun ṣì ń bínú.

Kì í ṣe ìwọ ló ń bínú sí o, èmi ni. Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí o fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́ sórí fóònù onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí pé fóònù tèmi kò mọ̀ ju ká tan iná rẹ̀ ká fi wá abẹ́rẹ́ lọ, ó sáré gbé e wá. Mo wò ó. Aṣọ dúdú láti ọrùn dé kókósẹ̀, ètè dúdú, èékánná dúdú. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ ya káàkiri bíi pé eku jẹ ẹ́, bàtà rẹ tóbi bíi ti àwọn tó ń la títì, ẹ̀wọ̀n irin tó yẹ kó wà lára géètì ló wà lọ́rùn rẹ. Onígbàjámọ̀ fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà, ojú rẹ bá tóbi sí i, mo ní kó rọra, kó má baà dùn ọ́. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé o ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, kò sí ẹni tó rán dúdú látòkè délẹ̀ lọ́dọ̀ mi rí tí kì í ṣe pé ẹnì kan ló kú fún un. Mo bá káwọ́ lérí. Mo ní ọmọ mi ti lọ́kọ láì sọ fún wa, ọkọ náà sì ti kú.

Ìwọ náà mọ̀ pé onígbàjámọ̀ kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́, tó bá ti di orí èèyàn mú, etí onítọ̀hún kò ríbi sá sí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi ti kún fún àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. Ìyá rẹ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹnì kan béèrè pé irú èèyàn wo ni àna mi, ojú tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n, mo ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Irọ́ kọ́ nìyẹn, a ò gbóhùn rẹ̀ rí. Káfíńtà àdúgbò wa ní òótọ́ ni, òun pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ga. Ìyá rẹ nu omijé, ó ní kò ga tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà lórí gíga ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò bí.

Mo wá ní kí onígbàjámọ̀ bá mi kọ ọ́ sí ọ pé kí o ṣọkàn gírí, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Lo bá pè padà, o gbọ́ ẹkún wa, ni ohùn rẹ bá jáde láti inú fóònù. O ní kò sẹ́ni tó kú, o ò lọ́kọ, o ní gọ́ọ̀tì lo jẹ́, bí àwọn gọ́ọ̀tì ṣe ń múra nìyẹn. O ní tí aṣọ rẹ bá lè dá irú ẹkún yìí sílẹ̀, ó sàn kí o má wá síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ mọ́, kí o má baà ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́. Àbúrò rẹ wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ó dìde, ó gba ilé lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí.

Mo gba ilé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lọ, mo ní kó sọ ìtumọ̀ gọ́ọ̀tì fún mi. Ó ní kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe ẹ̀sìn, kì í sì í ṣe ipò níbi iṣẹ́, mo sì ti ń rò ó pé bóyá wọ́n gbé ọ ga ni. Ó ní àwọn èèyàn kan ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn dúdú, wọ́n fẹ́ràn orin tó ń mú ojú ro, wọ́n lè lọ jókòó sí itẹ́ òkú kí wọ́n kàn máa gbatẹ́gùn. Mo ní ṣé inú wọn kì í dùn ni. Ó ní ó ń dùn dáadáa, wọn kì í kàn gbé e sójú ni. Mo tún béèrè bóyá ìyìn ni tàbí èébú. Ó ní ọwọ́ ẹni tó bá sọ ọ́ ló wà: tí ẹni tó ni ín bá pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyìn ni, tí aládùúgbò bá yínmú kó tó pè é, èébú ni.

Mo ní kí n dán an wò. Káfíńtà tó ń kan pósí, tó ń wọ épúrọ́nù dúdú, tí kì í rẹ́rìn-ín, ta ló tún yẹ ní gọ́ọ̀tì jù ú lọ? Mo lọ bá a, mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé gọ́ọ̀tì ni. Ó ní bàbá tó bí mi ni gọ́ọ̀tì. Mo jókòó, mo ṣàlàyé, ó ronú sí i, ó ní àṣé ohun tó ti ń ṣe òun látọjọ́ yìí nìyẹn. Ní báyìí ó ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, wọ́n sì rò pé ẹgbẹ́ káfíńtà kan ni.

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo délé sọ ọ́, kó tó wá bínú pé mo jẹ́ kí òun fi omijé tí òun ń tọ́jú de ìgbéyàwó ṣòfò. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì mí. Ó ní a ti sunkún nítorí ẹni tí kò sí, òun ò ní tún sunkún nítorí ẹni tó wà, pé aṣọ ló lé e sẹ́yìn. Àbúrò rẹ ní ìwọ lo kọ́ òun ní irun dídì, ìwọ náà ló máa di irun òun lọ́jọ́ yẹn, kí ló kan irun nínú ètè dúdú.

Èmi náà á sọ tèmi. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí o ní o ò wá mọ́, ó bà mí ju ìgbà tí mo rò pé àna mi kú lọ. Mo fẹ́ kí o wá, kí o sì wọ dúdú rẹ wá. Ẹni tó bá yínmú sí ọ, ṣòkòtò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣòkòtò náà kò sì ní jáde.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, kí o má baà rò pé ẹlòmíràn ló kọ lẹ́tà yìí. Máṣíìnì ń fẹ́ òróró, èmi náà ń fẹ́ oògùn eékún. Má gba báńkì o. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní kí n tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi, mo ní tó bá jẹ́ ìkọ̀kọ̀, kí ló ń fi í ṣe, mo kọ̀ jálẹ̀, ó bá gbé káàdì mi mì. Fi í rán awakọ̀. Ìyá rẹ ní kí o mú ọ̀kan nínú ọ̀dà ètè dúdú yẹn dání, ó ní òun ò ní kùn ún, òun kàn fẹ́ wò ó ni.

Mo ti ra aṣọ dúdú tó dáa, èyí tí kì í ṣí, kí n fi rán tìrẹ fún ìgbéyàwó náà. Ìwọ̀n gbogbo àdúgbò yìí ló wà lórí mi, mo mọ ẹni tí ìdí rẹ̀ ń fẹ̀ sí i kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ́ dúdú náà sórí tábìlì tí mo mú ṣọ́ọ̀kì, mi ò mọ tìrẹ mọ́. Èyí tí mo ní jẹ́ ti ọmọ kékeré tó kúrò nílé.

Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́ fún wa, ọ̀nà á là fún ọ ní àlọ, á là fún ọ ní àbọ̀. Má fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sórí fóònù onígbàjámọ̀. Gbé ara rẹ wá, kí n wọ̀n ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Télọ̀.